D7 nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n Economics ni ọmọ mi fẹ́ kà ní UI

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ ka Economics ní Yunifásítì Ìbàdàn. Nínú WAEC, ó ní B3 nínú Economics àti CRS, C4 nínú English, C5 nínú Government, C6 nínú Commerce, ṣùgbọ́n D7 ni ìṣirò. English, Government, Economics àti CRS ló fi ṣe JAMB, ó sì gba 228. Àwọn kan sọ fún mi lọ́jà Dùgbẹ̀ pé ìjọba ti ní kí wọ́n má béèrè ìṣirò mọ́. Ṣé ó lè wọlé lọ́dún yìí? (Ìyá ọmọ kan, Mọ́kọ́lá)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Kò lè wọlé fún Economics lọ́dún yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fowó yín fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun lè bá yín ṣe é.

Ohun tí ẹ gbọ́ lọ́jà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Lọ́dún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹni tó fẹ́ ka iṣẹ́ ọnà àti ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ènìyàn, bí èdè, ìtàn tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, lè wọ yunifásítì láìní krẹ́díìtì nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n ìkéde yẹn kan náà ló sọ pé dandan ni ìṣirò fún sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ibẹ̀ sì ni Economics wà. Apá kejì yìí ni wọn kì í sọ dé ọjà.

Krẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: English, ìṣirò, Economics àti méjì mìíràn. Láti A1 dé C6 ni krẹ́díìtì. D7 kò wọ ibẹ̀. Èsì ìdánwò méjì ni wọ́n gbà kéèyàn so pọ̀, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà kò sídìí tí ọmọ yín fi máa tún gbogbo WAEC rẹ̀ kọ. Mẹ́rin tó ṣe kókó ti wà lọ́wọ́, ìṣirò nìkan ló kù.

Ọ̀rọ̀ JAMB rẹ̀ ló dùn mí jù, nítorí àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an ló ń bọ́ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Ká ní A1 ló gbà nínú ìṣirò ti WAEC, kò ní wọlé síbẹ̀, torí pé kò mú ìṣirò nínú JAMB. Ohun tí Economics ń fẹ́ níbẹ̀ ni English, ìṣirò, Economics, àti ọ̀kan yòókù, irú bíi Government, Geography, Literature tàbí CRS. Ọ̀pọ̀ ọmọ Commercial máa ń fi ìṣirò sílẹ̀ nítorí ẹ̀rù, wọ́n á mú èyí tó rọrùn, máàkì wọn á sì dára, àmọ́ kò ní wúlò fún ohun tí wọ́n fẹ́. Ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ni kí ẹ jọ wò kẹ́ ẹ tó lọ gba fọ́ọ̀mù. Olùkọ́ tàbí ọmọ káfé lè má mọ̀ ọ́n.

Ní ti UI, òun gbọ́dọ̀ jẹ́ yunifásítì àkọ́kọ́ tí ọmọ yàn, máàkì JAMB rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 200 kó tó lè ṣe Post-UTME, ìyẹn ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Wọ́n á pín máàkì JAMB sí mẹ́jọ, wọ́n á pín ti Post-UTME sí méjì, wọ́n á wá ro wọ́n pọ̀. Ẹni tó gba 240 nínú JAMB àti 62 nínú Post-UTME, 30 àti 31 ni yóò jẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 61. Ọgọ́rùn-ún ni àpapọ̀ náà lè pọ̀ tó, Post-UTME ló sì ni àádọ́ta nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ọmọ dẹwọ́ lẹ́yìn JAMB.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan ìṣirò. Ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà máa ń ro iye tó lè fi kún owó kóńgò kan kí oníbàárà tó sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ní yunifásítì, ìṣirò ni wọ́n fi ń wá ìdáhùn yẹn, láti ọdún àkọ́kọ́ sì ni. Ìṣirò àti statistics ò ní kúrò lọ́rùn rẹ̀ títí yóò fi jáde. Mo mọ ohun tí ojú àwọn tó gba ẹ̀yìn wọlé ń rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ yín kọ́ ìṣirò yìí ní tòótọ́. Ẹ má mú un lọ sí ibùdó ìdánwò tí wọ́n ti ń kọ ìdáhùn sójú pátákó.

Direct Entry náà wà, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbé ọmọ wọ ọdún kejì ní tààrà, nípasẹ̀ JUPEB tàbí A-Level, àwọn ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n kò fo krẹ́díìtì ìṣirò. Ilé-ìwé aládàáni náà kò fò ó.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ ọmọ mi ni pé kó forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC tàbí NECO ti àwọn tí kò sí nílé-ìwé mọ́, kí ó wá olùkọ́ ìṣirò kan tó ní sùúrù, kí ó sì tún JAMB ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, torí máàkì ọdún yìí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ nígbà náà. Tí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ mìíràn látọkàn wá, kó pààrọ̀ rẹ̀ ní JAMB nísinsìnyí. Kó má ṣe é nítorí kó ṣáà lè wọlé. Bí èsì tuntun bá sì jáde, kí ó rí i pé èsì méjèèjì wọ orí CAPS, ìyẹn ojúlé JAMB lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé, nítorí bí wọn ò bá rí i níbẹ̀, bí ẹni tí kò ní in ni wọ́n máa kà á sí.