Ẹni tó fẹ́ bá mi ṣe ojú òpó ayélujára ti béèrè owó: kí ni kí n kọ́kọ́ mọ̀?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ títún éésì àti fíríìjì ṣe ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ni, mo sì ti dá dúró. Orí WhatsApp àti Facebook ni àwọn oníbàárà ti ń rí mi. Láìpẹ́ yìí mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa bójú tó éésì wọn, wọ́n sì ní kí n fi ojú òpó ayélujára mi ránṣẹ́. Mi ò ní. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní òun lè bá mi ṣe é, pé kí n ṣáà ti sanwó, òun á bójú tó ohun gbogbo. Kí ni kí n mọ̀ kí n tó sanwó?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú oríire fúrídọ́ọ̀mù. Ọlọ́run á fi òróró sí iṣẹ́ náà.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, “òun á bójú tó ohun gbogbo” yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Kí o tó yọ owó, bi í pé: orúkọ ta ni o máa fi gba domain? Domain ni orúkọ tí èèyàn máa tẹ̀ kó tó dé ojú òpó rẹ, èyí tó máa ń parí sí .com tàbí .ng. A kì í rà á títí láé. Iye ọdún tí o bá sanwó fún ló máa fi wà lọ́wọ́ rẹ, ẹni tí orúkọ àti ímeèlì rẹ̀ bá sì wà nínú àkọsílẹ̀ ni wọ́n mọ̀ sí ẹni tó ni ín.

Obìnrin kan tó ń se oúnjẹ òde wá bá mi nígbà kan. Ó ti kọ orúkọ ojú òpó rẹ̀ sára ọkọ̀, sára aṣọ àwọn òṣìṣẹ́, sára ike oúnjẹ. Ẹni tó bá a ṣe é ti lọ sókè òkun, kò gbé ìpè mọ́, orúkọ ara rẹ̀ ló sì fi gba domain. Nígbà tí ọdún yí po, kò sẹ́ni tó sanwó, orúkọ náà bọ́, ẹlòmíràn sì gbà á. A ní láti mú orúkọ mìíràn, ó sì tún gbogbo ara ọkọ̀ kùn. Ó dùn mí, nítorí pé kò sí ohun tí ìyá náà ṣe tí kò dáa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni.

Nítorí náà, fi ọwọ́ ara rẹ gbà á. Àjọ NiRA ló ń ṣàkóso orúkọ tó bá parí sí .ng, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tí NiRA fún láṣẹ la ti ń rà á. Owó .com.ng sábà máa ń dín sí ti .ng, ó sì tó fún iṣẹ́ rẹ. Lo ímeèlì rẹ, nọ́ńbà rẹ àti káàdì báńkì rẹ. Mú orúkọ kúkúrú tí ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí fóònù lè kọ láìṣì í. Ọmọkùnrin yẹn lè jókòó tì ọ́, kó máa tọ́ ọ sọ́nà, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o yan password.

Hosting, ìyẹn ibi tí ojú òpó náà máa wà, bákan náà ni. Ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún kò nílò èyí tó wọ́n. Tí ó bá ka owó “SSL” sí ọ lọ́rùn lọ́tọ̀, béèrè ìdí. Òun ló ń mú kí àdírẹ́sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https, láti ọdún 2018 sì ni Chrome, áàpù Google tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo ayélujára, ti ń kọ ọ́ sí ojú òpó tí kò ní in pé kò láàbò. Ọ̀fẹ́ ni àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fúnni ní SSL, ọ̀pọ̀ hosting ló sì ti fi í kún un.

Tí owó kò bá tíì sí rárá, Google Sites, níbi tí èèyàn ti lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ojú òpó, wà lọ́fẹ̀ẹ́, o sì lè so domain tìrẹ mọ́ ọn. Mo fara mọ́ èyí ju ojú òpó olówó gọbọi tó wà lórúkọ ẹlòmíràn lọ.

Wàyí o, kí ló máa wà níbẹ̀? Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa wò ó, dátà tí wọ́n fowó rà ni wọ́n sì fi ń wò ó. Má fi “Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ wa tó gbayì” ṣáájú. Kọ ọ́ báyìí: “A ń tún éésì àti fíríìjì ṣe ní Bódìjà, Akóbọ̀ àti Òjòó. Ẹ pè wá láti aago méje àárọ̀ sí méje alẹ́.” Kí bọ́tìnì ìpè àti ti WhatsApp wà lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ìlà tí wọ́n fi ń ṣe bọ́tìnì WhatsApp ni https://wa.me/ tí nọ́ńbà rẹ tẹ̀ lé, pẹ̀lú 234 dípò òdo àkọ́kọ́, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí àlàfo. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 á di 23480. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe jù, bọ́tìnì náà á sì wà níbẹ̀ láìṣiṣẹ́.

Kọ iye tí ò ń gbà láti wá wo éésì, kí o sì sọ bóyá o máa ń yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín kì í fẹ́ kọ iye owó síta, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí iye kankan á kàn kọjá lọ ni.

Àwòrán tìrẹ ni kí o lò: éésì tí eruku ti dí kí o tó fọ̀ ọ́, àti éésì yẹn kan náà lẹ́yìn tí o fọ̀ ọ́ tán. Àwòrán òyìnbó tó dé akoto kò lè jẹ́rìí iṣẹ́ rẹ. Fọ́tò tó ti inú fóònù jáde lè tó mẹ́gábáìtì mẹ́rin. Fi Squoosh, ojú òpó ọ̀fẹ́ tó ń mú kí àwòrán fúyẹ́, dín in kù kó tó gòkè, kó má ju 200KB lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí ojú òpó náà tó dé rárá, forúkọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ ní Google Business Profile, ìyẹn ohun tó ń mú kí iṣẹ́ èèyàn hàn nígbà tí wọ́n bá wá a lórí Google àti Google Maps. Ọ̀fẹ́ ni. Tí o kò bá ní ṣọ́ọ̀bù, o lè fi àdírẹ́sì pa mọ́, kí o sọ àdúgbò tí ò ń dé nìkan. Ibẹ̀ ni ọmọ tó wà ní London tó fẹ́ kí wọ́n tún fíríìjì ìyá rẹ̀ ṣe ní Ìbàdàn ti lè rí ọ. Tí o bá ti parí iṣẹ́ tí éésì ti ń tutù, bẹ oníbàárà pé kó kọ ohun tó rí síbẹ̀. Má ra ìyìn o. Google máa ń yọ irú rẹ̀ kúrò.

Ní ti ilé-iṣẹ́ tó béèrè yẹn, kì í ṣe ẹwà ni wọ́n ń wá. Ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé owó rẹ fẹ́ mọ̀ pé o wà, àti pé wọ́n á rí ọ tí nǹkan bá bàjẹ́. Tí o bá ti forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú ewé. Jẹ́ kí ímeèlì rẹ parí sí orúkọ domain rẹ dípò gmail. Lẹ́yìn náà, ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́: oṣù mélòó sí mélòó lo máa ń wá fọ éésì, kí lo máa ń yẹ̀ wò (gáàsì, wáyà, ibi tí omi ń gbà jáde), wákàtí mélòó lo máa fi dé tí wọ́n bá pè ọ́ ní pàjáwìrì. Àdírẹ́sì ojú ewé yẹn gan-an ni kí o fi ránṣẹ́ sí wọn.

Sanwó fún ọmọkùnrin náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kí ìdajì kejì dúró títí gbogbo password á fi wọ ọwọ́ rẹ, tí o sì ti fi wọ́n wọlé fúnra rẹ lórí fóònù tìrẹ. Tí ó bá ní orúkọ òun ni òun máa fi gba domain, wá ẹlòmíràn.