Ẹsẹ̀ tó ń jó bí iná lóru: nígbà tí oògùn ò bá kápá ìrora

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Aránṣọ ni mí, ní agbègbè Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo. Ẹni ọdún 54 ni mí, ó sì ti pé ọdún 8 tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Metformin ni mò ń lò láti ìgbà náà. Ó tó ọdún méjì báyìí tí àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń jó bí iná, òru ló sì máa ń le jù. Bí aṣọ ìbora lásán bá kàn án, á dà bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi. Bó bá di ọ̀sán, ẹsẹ̀ kan náà á kú, n ò ní mọ̀ bóyá mo ti tẹ ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ àbí n ò tíì tẹ̀ ẹ́. Mo ti lo paracetamol àti diclofenac títí, mo ti gba abẹ́rẹ́ B-complex, mo ti mu àgbo. Dókítà wá kọ amitriptyline fún mi. Nígbà tí mo lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹnu mi ń gbẹ, mò ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ. Ọmọ mi wò ó lórí fóònù, ó ní oògùn àwọn tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà ni. Mo pa á tì. Ní báyìí, ẹnìkan ní kí n máa lo tramadol. Ṣé oògùn ò ran tèmi ni? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ yín: ẹ má tíì ra tramadol yẹn. Màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Mo wo gbogbo oògùn tí ẹ dárúkọ. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn ló wà fún irú ìrora tó ń bá yín fínra, òun gan-an lẹ sì pa tì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí náà, n ò lè bá yín sọ pé oògùn ò ràn án. Ẹ ò tíì lo oògùn rẹ̀ tó ni.

Paracetamol àti diclofenac dára fún orúnkún tó wú, eyín tó ń dunni, tàbí ọrùn ẹsẹ̀ tó rọ́. Níbẹ̀, ẹran ara tàbí oríkèé ló fara pa. Iṣan ìmọ̀lára kàn ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an sí ọpọlọ ni. Tiyín yàtọ̀. Ìránṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ṣúgà tó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, á sì tún ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń bọ́ ọ jẹ́. Èyí tó gùn jù ló máa ń kọ́kọ́ fara gbá, ìyẹn èyí tó lọ dé ìka ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń ṣe yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ìránṣẹ́ tó ń ṣàìsàn yìí á wá máa jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rán an, ìyẹn iná tí ẹ ń gbọ́ lóru. Èyí tí wọ́n bá rán an ní tòótọ́, á gbé e sọnù sọ́nà, ìyẹn ẹsẹ̀ tó ń kú lọ́sàn-án. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń fa méjèèjì.

Diclofenac ò lè tún ìyẹn ṣe. Ìpalára ló lè ṣe: ó lè dá egbò sínú ikùn, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè, ó sì máa ń ni kíndìnrín lára, bẹ́ẹ̀ kíndìnrín ni àtọ̀gbẹ máa ń dojú kọ tẹ́lẹ̀. Ẹ jáwọ́ nínú ẹ̀.

Ó kan amitriptyline wàyí. Òótọ́ lọmọ yín sọ, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi í wò. Ṣùgbọ́n ó tún máa ń bá ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ dín ariwo ìrora kù, ìwọ̀n tí wọ́n sì ń lò fún ìrora kéré sí ti ìrẹ̀wẹ̀sì. Dókítà yín ò sọ pé orí yín ò pé o! Gabapentin àti pregabalin, tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ fún yín lọ́jọ́ iwájú, wọ́n tún ń fi wọ́n wo wárápá. Tí ọmọ yín bá tún wo ìyẹn lórí fóònù, ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Ìwọ̀n tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ lè ti pọ̀ jù. Hóró 25 mg ló wọ́pọ̀ lórí àtẹ, bẹ́ẹ̀ 10 mg ni a sábà máa ń fẹ́ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà yín bóyá ẹ lè fi 10 mg bẹ̀rẹ̀, tàbí kí ẹ dá 25 mg sí méjì. Ẹ lò ó ní nǹkan bíi aago 8 alẹ́, kì í ṣe ìgbà tí ẹ bá ti wọ orí bẹ́ẹ̀dì tán, kí oorun inú ẹ̀ lè ti tán kí ẹ tó jókòó sídìí ẹ̀rọ láàárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, dókítà á fi díẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í sábà kọjá 75 mg fún ìrora. Òòyì àti oorun máa ń rọlẹ̀ bí ara bá ti mọ́ ọn. Ẹnu gbígbẹ lè pẹ́ díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ máa fi omi rin ẹnu. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ló yẹ kẹ́ ẹ fún un kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Tí ẹ bá ní àìsàn ọkàn tàbí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́, torí oògùn yìí lè máà bá yín mu. Àwọn bàbá tó ń ní ìṣòro láti tọ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò sì tó, ọ̀nà ò tíì dí. Duloxetine wà, pregabalin àti gabapentin wà. Àyẹ̀wò kíndìnrín ṣe pàtàkì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àwọn méjì tó gbẹ̀yìn, torí kíndìnrín ló ń gbé wọn jáde nínú ara. Bí kò bá lágbára mọ́, ìwọ̀n oògùn gbọ́dọ̀ dín kù. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2022 fi amitriptyline, duloxetine àti pregabalin wéra lára àwọn alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ wọn ń jó bíi tiyín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe bákan náà. Àwọn tí ẹyọ kan ò tó fún, nígbà tí wọ́n fi èkejì kún un, ìrora wọn tún dín sí i. Nítorí náà, bí dókítà bá kọ oògùn méjì fún yín, kì í ṣe pé ó fẹ́ da oògùn bò yín.

Òtítọ́ kan wà tí àwa oníṣègùn kì í sábà sọ síta. Bí èèyàn 4 bá lo amitriptyline fún irú ìrora yìí, nǹkan bí ẹnì kan ni oògùn náà á mú ìrora rẹ̀ dín dé ìdajì. Ti pregabalin, nǹkan bí ẹnì kan nínú 8 ni. Ẹni tó bá ń retí pé kí iná náà kú pátápátá á máa jáwọ́ nínú oògùn tó ń ṣiṣẹ́, á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi ìrora yín sí orí òṣùwọ̀n 0 sí 10 lálaalẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tí ẹ fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà. Bó bá ti 8 bọ́ sí 5, tí ẹ sì ń sùn di ìdájí, oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá pé tí kò kúrò lójú kan, ìwé yẹn ni kí ẹ fi han dókítà. Ó lágbára ju kí ẹ kàn sọ pé "kò ṣe nǹkan kan" lọ.

Ohun kan wà tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín: ọdún 8 lórí metformin. Metformin dára, ẹ má dá a dúró. Àmọ́ tó bá pẹ́ lára, ó lè má jẹ́ kí ara gba fítámì B12 tó láti inú oúnjẹ, àìtó B12 nìkan sì lè mú kí ẹsẹ̀ kú kí ó sì máa jó. Ẹ ní kí wọ́n wo B12 yín ní láàbù. Ẹ lè sọ pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ B-complex. Kì í ṣe gbogbo B-complex ni B12 inú ẹ̀ tó nǹkan, B6 ló sì máa ń pọ̀ nínú òmíràn. B6 tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́, tó ń lo hóró mìíràn fún "iṣan", tó tún ń mu ti inú ike, lè máa fi owó ara rẹ̀ ra ìrora. Bí B12 yín bá kéré lóòótọ́, B12 nìkan ni kí wọ́n fún yín, ní ìwọ̀n tó tó. Nínú oúnjẹ, inú ẹja, ẹyin, ẹran àti wàrà ló wà. Ẹ̀fọ́ ò ní in.

Àwọn èèyàn máa ń bi mí bóyá gàrí ló ń fà á. Kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Láàárín 1960 sí 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun ti ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn ṣèwádìí nípa ẹsẹ̀ kíkú àti ìrìn tó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ láàárín àwọn ará abúlé apá Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́, ó sì so ó mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣètò rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹja tàbí ẹran tó tó. Gàrí tó kan dáadáa, tí èèyàn ń fi ẹja jẹ, kì í ṣe ohun tí mo fura sí lára yín. Bó ṣe ń gbé ṣúgà sókè ni kí ẹ máa rò.

Lórí ṣúgà náà, ẹ má ṣe fi àyẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo dá a lẹ́jọ́. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ó ti rí láti nǹkan bí oṣù 3 sẹ́yìn, ni kí ẹ béèrè fún. Bó bá ga gan-an, ẹ jẹ́ kí dókítà mú un wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ṣúgà tó ti ga tipẹ́ bá já lulẹ̀ lójijì, ìrora iṣan lè le sí i fún ìgbà díẹ̀.

Tramadol ńkọ́? Ó máa ń di bárakú. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ amitriptyline, ó lè fa gìrì. Bí wọ́n bá pa á pọ̀ mọ́ pregabalin tàbí ọtí, èémí lè máa dín kù lójú oorun. Ó tún lè já ṣúgà alátọ̀gbẹ wálẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Dókítà lè kọ ọ́ nígbà míì tí ọ̀nà yòókù bá ti kùnà, á sì máa ṣọ́ ẹni náà. Èyí tí wọ́n ń tà fún yín nínú bébà láìsí ìwé, ẹ fi sílẹ̀. Bákan náà ni àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ̀: ọtí fúnra rẹ̀ ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́.

Ẹ ní aránṣọ ni yín, mo sì mọ bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ṣe rí. Abẹ́rẹ́ àti píìnì ò wọ́n nílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò mọ ìgbà tó tẹ ẹ̀rọ kò ní mọ ìgbà tí píìnì wọ inú rẹ̀, egbò kékeré bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ohun tó ń sọ alátọ̀gbẹ di ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ẹ má wọ sálúbàtà, ẹ má sì tẹ ẹ̀rọ láìwọ bàtà. Bàtà tó bo ìka, tí kò fún, ni kí ẹ wọ, kí ẹ sì fi ọwọ́ yẹ inú ẹ̀ wò kí ẹ tó kì í bọ ẹsẹ̀. Ẹ ra òòfà kékeré, kí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ máa fi gbá ilẹ̀ káàkiri kí wọ́n tó pa ṣọ́ọ̀bù dé. Lálaalẹ́, ẹ fi dígí wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín, tàbí kí ọmọ yín bá yín wò ó, àárín ìka náà. Ẹ má fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó tu yín lára tó: ẹsẹ̀ yín ò lè sọ fún yín pé ó ń bó. Ìgúnpá ni kí ẹ fi dán omi ìwẹ̀ wò.

Nítorí aṣọ ìbora tó ń gún yín, ẹ gé páálí kan lójú méjì, kí ẹ gbé e sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì ta aṣọ náà lé e lórí kí ó má kan ẹsẹ̀. Olówó pọ́ọ́kú ni, ó sì ń mú oorun wá. Ìpara capsaicin tí wọ́n fi ata ṣe wà. Ó máa ń jó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ fi ra ojú egbò. Ata inú ilé o, rárá.

Ẹ máa rìn. Ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn bá ti wọlẹ̀, ìṣẹ́jú 20 sí 30, ọ̀pọ̀ ọjọ́ lọ́sẹ̀, lójú ọ̀nà tó tẹ́jú. Àwọn onífisiotẹ́rápì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni UNIOSUN lè kọ́ yín ní eré ìdárayá tí ẹ lè ṣe lórí ìjókòó, àti bí ẹ ò ṣe ní ṣubú.

Nígbà tí ẹ bá ń padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò sínú ọ̀rá kan, àti ìgò àgbo náà. Tí egbò, wíwú tàbí àwọ̀ dúdú bá yọ lẹ́sẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan bá lọ́lẹ̀ lójijì, tí ibi ìjókòó àti ojú ara bá kú, tàbí tí ẹ ò lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró mọ́, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ, òru ìbáà jẹ́.