Aṣọ ọ́fíìsì nígbà ooru Lọ́ńdọ̀nù: ohun tí ojú mi rí

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá péńpé lọ sí ọ́fíìsì yín ní àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù keje, nígbà tí wọ́n ti sọ fún yín pé kóòtù àti táì ni aṣọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ara mi ni mo sì fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe gbọ́ ti àwọn tí ń sọ pé ẹni tí ó ti lo oṣù kẹta ní Èkó rí kò yẹ kí ó bẹ̀rù ooru ìlú òyìnbó. Torí òtútù ni wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wọn, ooru tí ó bá ti wọlé kì í tètè jáde, ọ̀pọ̀ kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2022, ooru dé ìwọ̀n Celsius 40.3 ní Coningsby ní agbègbè Lincolnshire, èyí tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Bìrìtéènì. Àjọ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ti kéde ìkìlọ̀ pupa, èyí tí ó le jù, ṣáájú, wọ́n sì ti ní kí ẹni tí ìrìn kò bá pọn dandan fún jókòó sílé. Ọ̀gá tiwa ní kí a wá, kí a sì wọ kóòtù, nítorí pé oníbàárà kan ń bọ̀.

Central line, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ni mo wọ̀. Láti ọdún 1900 tí wọ́n ti ṣí ojú irin yẹn ni amọ̀ tí ó yí ihò rẹ̀ ká ti ń gba ooru mọ́ra, kò sì sí amúlétutù nínú ọkọ̀ rẹ̀. A fún mọ́ra wa nínú ọkọ̀, mi ò ráyè bọ́ kóòtù. Aṣọ tí wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, tí ó jẹ́ polyester pọ́ńbélé, lẹ̀ mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn mi, òógùn ń ṣàn gba ìdí ọ̀pá ẹ̀yìn wọ inú ṣòkòtò, afẹ́fẹ́ kò sì rí ibi gbà wọlé. Nígbà tí mo fi dé ọ́fíìsì, kọ́là mi ti rin gbindin. Inú ìpàdé náà ni òòyì ti kọ́ mi, tí obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sáré gbé omi wá, tí ó sì fúnra rẹ̀ tú táì kúrò lọ́rùn mi. Ọrùn àti abíyá mi sú wínníwínní, ó sì ń yún mi fún ọjọ́ púpọ̀.

Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé òfin ibi iṣẹ́ ti ọdún 1992 kàn ní kí ìwọ̀n ooru mọ níwọ̀n ni. Ìlànà tí ó bá a rìn sọ pé òtútù kò gbọ́dọ̀ mú ọ́fíìsì lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n Celsius 16 lọ, ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye tí ooru kò gbọ́dọ̀ kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni TUC, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ti ń béèrè pé kí 30 jẹ́ òpin. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2005, ìjọba Japan ní kí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ kóòtù àti táì nígbà ooru, kí amúlétutù sì wà ní 28.

Ẹ yẹ àkọlé inú aṣọ wò kí ẹ tó sanwó. Epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń ṣe polyester, kì í sì í mu òógùn. Òwú ń mu ún, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Ọ̀gbọ̀ ń yára gbẹ, ó kàn máa ń rún ni. Fún kóòtù àti ṣòkòtò, irun àgùntàn tí wọ́n hun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń gbà á kọjá, kì í sì í tètè rún. Kí ó jẹ́ pé èjìká nìkan ni wọ́n tẹ́ aṣọ sí nínú kóòtù náà. Télọ̀ tí ó mọṣẹ́ lè tú ìyókù kúrò. Ẹ yẹra fún ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eérú, òógùn máa ń hàn lára rẹ̀ kedere. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, ìbọ̀sẹ̀ òwú, ẹ mọ ìyẹn.

Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá irú èyí tí ń mú ènìyàn tọ̀ léraléra, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ooru tó dé, nítorí pé omi ara máa ń tètè gbẹ. Ẹ má sì fúnra yín dá a dúró.

Apá péńpé kò burú, ṣùgbọ́n apá gígùn tí ẹ ká dé ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ níyì jù ú lọ níwájú oníbàárà. Bí ọ̀nà yín bá gba District, Metropolitan tàbí Elizabeth line, amúlétutù wà nínú wọn. Bí kò bá gbà á, ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jáde nílé, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Ní ti kóòtù àti táì, ẹ fi ímeèlì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá yín báyìí, kí ẹ béèrè ní pàtó ìwọ̀n ooru tí ẹ lè bọ́ wọn sí, kí ẹ sì tọ́jú èsì rẹ̀.