Báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá ìyá wa àgbà ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀bú-Òde la ti ń kọ̀wé. A fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́rùn-ún ọdún fún ìyá tó bí bàbá wa. Bàbá wa sọ pé ọdún 1929 ni wọ́n bí ìyá, àbúrò bàbá wa sọ pé 1917 ni. Kò síwèé ìbí. Ṣé ká kúkú lọ búra ní kóòtù, ká fi 1917 síbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sí kóòtù. Agbẹjọ́rò ni mí, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ ẹbí ṣe ìwé ìbúra ọjọ́ orí. Ohun tí ẹni tó ń búra bá sọ náà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ìwé náà kò lè sọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀. Ìwé tó lágbára ni èyí tí wọ́n kọ nígbà tí ìyá ṣì kéré, tí kò tíì sẹ́ni tó ń ronú ayẹyẹ.

Olóògbé Akíntọ́lá Williams, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di chartered accountant, lo ọdún 104 láyé, láti 1919 di 2023. Ẹni tó ti wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ láti kékeré ni. Màmá HID Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ńkọ́? Ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1915 ni wọ́n bí wọn, wọ́n sì papò dà ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Ọjọ́ tí wọn ì bá pé ọgọ́rùn-ún gan-an ni wọ́n sin wọ́n. Ọdún 99 ni wọ́n lò, iyì wọn kò sì dín.

Ọkùnrin ará Japan kan wà, Shigechiyo Izumi, tí wọ́n ní ó pé 120 kó tó kú ní 1986. Nígbà tó yá, àwọn olùwádìí fura pé ìwé ìbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú ni, pé wọ́n fi orúkọ olóògbé sọ àbúrò. Ẹ ṣọ́ra fún irú èyí láàárín àwa tí Ìyábọ̀ méjì lè wà nínú ilé kan.

Ẹ jókòó ti ìyá láàárọ̀, nígbà tí ara wọn bá yá. Ẹ má bi wọ́n ní iye ọdún. Ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí Awùjalẹ̀ Gbélégbùwà Kejì gorí oyè ní 1933. Bó bá jẹ́ 1929 ni wọ́n bí wọn, ọmọ ọdún 4 ni wọ́n, ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n ń tọ̀. Bó bá jẹ́ 1917, ọmọge ọdún 16 ni wọ́n, bóyá wọ́n tilẹ̀ ti ń wá wọn fẹ́. Ẹ tún bi wọ́n nípa ogun Hitler. Ìyá kan tí mo bá sọ̀rọ̀ rí ní nígbà tí iyọ̀ wọ́n, ìyá òun rán òun lọ tò, ẹni tó ń wọn iyọ̀ kò sì rí òun nítorí káńtà ga ju òun lọ. Àwọn ọmọ wọn ti ń pè wọ́n ní ẹni ọdún 103! Ọmọ tí káńtà bò mọ́lẹ̀ nígbà ogun yẹn kò lè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bèèrè àwọn ẹgbẹ́ wọn pẹ̀lú, nítorí a kì í ṣi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, mọ̀ ní Ìjẹ̀bú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní ìwé, ọdún tó wà níbẹ̀ súnmọ́ ti ìyá. Ẹ wo ọdún ìbí àkọ́bí náà. Bó bá jẹ́ 1951, ọdún 1917 yóò túmọ̀ sí pé ìyá ti pé ọdún 34 kó tó bímọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rọra bèèrè bóyá àwọn ọmọ kan ti wà ṣáájú tí kò dúró. Ọ̀pọ̀ ìyá kì í kà wọ́n mọ́. Ẹ má bèèrè rẹ̀ lójú àlejò.

Bí wọ́n bá ṣe ìrìbọmi, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà pẹ̀lú orúkọ ìrìbọmi wọn àti orúkọ bàbá wọn, torí Àbígẹ́lì ló lè wà níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ọmọ ọwọ́ ni wọ́n nígbà náà tàbí àgbà. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé ìyá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Bí ẹ bá rí orúkọ wọn nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ewé náà, kì í ṣe ìlà orúkọ ìyá nìkan. Déètì òkè ewé yẹn ni a máa fi ṣiṣẹ́.