Stockfish kì í ṣe ẹja inú sítọ́ọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Páńlá ni mò ń tà. Mo fẹ́ tẹ orúkọ rẹ̀ sí ara ọ̀rá tí mo fi ń dì í. Ọmọ mi ní "Ẹja Inú Sítọ́ọ̀" ni ìtumọ̀ stockfish, oníbàárà mi kan sì ti ní òun ò rà mọ́, torí ẹja tó ti pẹ́ nílẹ̀ ni. Kí ni kí n kọ? Catfish ńkọ́, kí ló pa á pọ̀ mọ́ ológbò?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dé etí mi lemọ́lemọ́, ó sì ń dùn mí, torí àṣìtúmọ̀ lásán ló ń lé oníbàárà yín lọ.

Lóòótọ́, "stock" ń jẹ́ ọjà tí a kó pamọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló wà nínú orúkọ ẹja yìí. Ọ̀dọ̀ àwọn Dutch àtàwọn aládùúgbò wọn ní Jámánì ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá a: stok ni igi, vis ni ẹja. Ẹja igi! Kí ọdún 1300 tó pé ló ti wọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí "stock" tó máa jẹ́ ọjà ìpamọ́. Báwo ni ọmọ ṣe fẹ́ sọ ìyá lórúkọ?

Àwọn kan ní torí igi tí wọ́n ń fi í kọ́ ni, àwọn mìíràn ní torí pé ó le bí igi. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ayùn rẹ́ ẹ mọ bó ṣe le tó. Ní Lofoten, ní Nọ́wè, wọ́n á gé orí ẹja cod, wọ́n á so ó ní méjì-méjì níbi ìrù, wọ́n á sì gbé e kọ́ sórí igi gbọọrọ níta gbangba, láti nǹkan bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Afẹ́fẹ́ tútù ló ń gbẹ ẹ́. Kò sí iyọ̀, kò sí èéfín, kò sí oògùn. Ohun tí ẹlòmíràn bá wá fọ́n sí i lọ́jà wa níbí, mi ò lè dúró fún ìyẹn o.

Ti catfish kò le: irun ẹnu rẹ̀ ló jọ ti ológbò.

Ẹ kọ "Páńlá Gbígbẹ", kí ẹ fi stockfish sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ má yọ "gbígbẹ" kúrò, torí àwọn kan ń pe ẹja inú yìnyín náà ní páńlá. Ẹ má sì kọ pé ó ń wo àìsàn kankan. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ bi NAFDAC ohun tí òfin fẹ́ kó wà lára ọ̀rá náà.