Ṣé wọ́n máa ń ka ọjọ́ àtìmọ́lé mọ́ ọdún ẹ̀wọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Oṣù 10 ni àbúrò mi ọkùnrin lò látìmọ́lé kí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ n'Íbàdàn tó dá ẹjọ́ rẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Adájọ́ ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún 2. Ẹnì kan ní òfin ti yí padà, pé dandan ni kí wọ́n yọ oṣù 10 yẹn kúrò. Àwọn wọ́dà ní ọjọ́ ìdájọ́ ló wà nínú ìwé ọwọ́ àwọn. Ta ni ká gbà gbọ́? Ẹ̀rù tún ń ba ìyá wa pé bí wọ́n bá tún òfin náà ṣe, wọ́n lè fi kún ọdún rẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìdúrótì àbúrò yín. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ kò parọ́, àwọn wọ́dà náà kò sì ṣìkà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015 ni òfin tuntun lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, èyí tí àwa lọ́yà ń pè ní ACJA, dé. Abala 416 rẹ̀ pàṣẹ pé kí adájọ́ ṣírò àkókò tí ẹni náà ti lò látìmọ́lé bó bá ń dá a lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n abala mìíràn nínú òfin kan náà ní ọjọ́ tí adájọ́ bá kéde ẹ̀wọ̀n ni kíkà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Adájọ́ ni abala 416 ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe wọ́dà. Ohun tó wà nínú wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tí kóòtù fi ránṣẹ́ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, ni wọ́dà ń tẹ̀ lé. Kò gbọdọ̀ fúnra rẹ̀ yọ ọjọ́ kankan. Lójú tèmi, gbólóhùn kan péré ló yẹ kí àwọn tó kọ òfin náà fi so abala méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, ẹ lọ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù fọwọ́ sí, kí ẹ ka ojú ewé tó kẹ́yìn dáadáa. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n kà á láti ọjọ́ tí wọ́n mú un, tí wáráǹtì sì gbé ọjọ́ mìíràn, kí lọ́yà yín kọ̀wé sí kóòtù kí wọ́n tún wáráǹtì ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé òun ti ro ti oṣù 10 yẹn mọ́ ọn kí òun tó fún un ní ọdún 2, a jẹ́ pé ó ti yọ ọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bí kò bá sọ nǹkan kan rárá ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló kù, ọjọ́ 90 péré lẹ́yìn ìdájọ́ lẹ sì ní láti pẹjọ́ ọ̀hún. Ẹ má fi falẹ̀.

(Bó bá jẹ́ kóòtù ìpínlẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà, òfin ìpínlẹ̀ yẹn la ó wò. Èkó ti ní tirẹ̀ láti ọdún 2007.)

Ẹ ó ti gbọ́ pé oṣù 8 ni ọdún ẹ̀wọ̀n. Ọdún tí adájọ́ ń kà kò dín sí oṣù 12. Ìdínkù tí ẹlẹ́wọ̀n oníwà rere ń rí gbà, ìdá kan nínú mẹ́ta, ló di ọ̀rọ̀ ìgboro bẹ́ẹ̀. Fún àbúrò yín, oṣù 24 á di 16. Bí wọ́n bá tún gbà láti ka oṣù 10 ti tẹ́lẹ̀, ó ku bí oṣù 6. Ṣùgbọ́n tó bá hùwàkiwà níbẹ̀, ó lè pàdánù ìdínkù yẹn.

Ẹ fi ìyá yín lọ́kàn balẹ̀. Abala 36(8) nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí wọ́n fún ẹnikẹ́ni ní ìyà tó ju èyí tó wà nínú òfin lọ́jọ́ tó ṣẹ̀. Àtúnṣe tó bá dé lọ́la kò lè padà wá fi ọdún kún tirẹ̀.

Bí owó lọ́yà bá jẹ́ ìṣòro, ẹ mú ẹ̀dà ìdájọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council (àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà) tó wà ní ìpínlẹ̀ yín, kí ẹ sì mú ẹ̀dà wáráǹtì dání.