Èwo nínú wọn ni mo fẹ́ fẹ́?

Aránṣọ kan ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Tíṣà ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ó tiẹ̀ ti ra léèsì tó máa fi ṣe ìdána. Lórí Facebook, orúkọ inú sátífíkéètì ni ọkùnrin yìí ń jẹ́, ẹsẹ Bíbélì ló sì ń gbé síbẹ̀ láràárọ̀. Lórí LinkedIn, níbi táwọn èèyàn ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn, ó di konsọ́tántì. Lórí TikTok, orúkọ mìíràn ni, ijó àti àwàdà, fìlà á gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn ò dùn ún tó báyìí, àfi lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ na fóònù sí i pé, "Àǹtí, ẹ wo ohun tí bọ̀dá gbé sórí status WhatsApp." Bọ̀dá rèé nínú agbádá, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé: "Àpọ́n ṣì ni wá o, ẹ bá wa wá ìyàwó." Ó yẹ fóònù tirẹ̀ wò, kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, èwo nínú wọn ni mo fẹ́ fẹ́?"

Àbúrò mi, gbogbo wọn lo fẹ́ fẹ́. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà ọmọ ọlọ́mọ ná. Oríkì ni ìyá rẹ fi ń pè ọ́, oníbàárà ń pè ọ́ ní Madam, ọmọ iṣẹ́ ń pè ọ́ ní Àǹtí, ohùn tó o sì fi ń dá wọn lóhùn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èmi tí mò ń kọ èyí, ìnagijẹ kan wà tí àwọn tá a jọ ka ìwé mẹ́wàá ń pè mí lórí gúrúpù WhatsApp wa. Bí àwọn ọmọ mi bá gbọ́ ọ pẹ́nrẹ́n, mo gbé! Tíṣà tó bá ń jó lórí TikTok ò ní fẹ́ kí àwọn ọmọ kíláàsì máa fi orúkọ rẹ̀ wá ijó náà kiri. Konsọ́tántì yẹn, ẹ̀rín ló pa mí.

Status yẹn gan-an ni mi ò lè gbójú fò. WhatsApp kì í dédé fo ẹnì kan. Ohun téèyàn bá gbé síbẹ̀, wákàtí 24 ló máa lò, bí nọ́ńbà onítọ̀hún bá sì wà lọ́wọ́ rẹ tí tìrẹ náà wà lọ́wọ́ ẹ̀, wàá rí i. Kéèyàn tó yọ ẹnì kan kúrò, ó ní láti wọ inú ètò status, kó máa yí orúkọ lọ sísàlẹ̀ títí yóò fi kan tonítọ̀hún, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ijó TikTok, gbogbo ayé ló ń wò ó, ìwọ náà ń wò ó. Status nìkan ni ojú rẹ ò tó.

Ṣùgbọ́n má tíì pariwo. Bóyá ìwọ fúnra rẹ lo pa status rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ jà (mo ti ṣe é rí), wo ìsàlẹ̀ ibi tí àwọn status wà pátápátá. Ó sì lè jẹ́ nọ́ńbà méjì ló ní, kó jẹ́ pé èyí tí ọmọ iṣẹ́ rẹ ní kọ́ nìwọ ní. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn tún délẹ̀ nìyẹn: báwo ni ọmọ iṣẹ́ ṣe ní nọ́ńbà tí ìyàwó ò ní?

Tó bá jẹ́ pé ó yọ ọ́ lóòótọ́, má já fóònù gbà lọ́wọ́ ẹ̀, má sì sọ ọmọ iṣẹ́ di ọlọ́pàá inú. Jẹ́ kó jẹun tán, kó ku ẹ̀yin méjì, kó o ní: "Mo rí status yín. Kò sí lórí fóònù tèmi. Kí ló dé?" Kó o wá dákẹ́. Má bá a wá àwáwí o. Bó bá ní àwàdà ni, bi í pé kí ló dé tí kò fẹ́ kí ìwọ náà rẹ́rìn-ín.

Léèsì yẹn, jẹ́ kó ṣì wà nínú ọ̀rá. Má tíì fi àlùmọ́gàjí kàn án.